Páànù Aláyùn, Ìpẹ́ Tèmi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ ti wá kí mi. N kò sọ pé ó rọ̀ síta o — inú ilé ló wọ̀. Bí mo ṣe jókòó ti máṣíìnì ni omi kán sí mi lọ́rùn, ó tún kán sórí aṣọ ilé-ìwé tí mo ń rán. Aṣọ funfun! Omi pupa, omi páànù tó ti dógùn-ún. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé ìkòkò síbẹ̀. Kí òjò tó dá, gbogbo ohun tí a fi ń jẹun ti wà nílẹ̀ káàkiri yàrá bí ìgbà tí èèyàn bá pàtẹ.

Páànù yìí ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. A máa pààrọ̀ rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Èmi mọ ohun tí mo fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, òjò ká mi mọ́ ilé Ìyá Oníbọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ìpẹ́ ọ̀dà ni wọ́n fi bo ilé tiẹ̀ — àwọn pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n fi irú ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì ṣe, tí wọ́n fọ́n yanrìn wẹ́wẹ́ sí lójú, tí wọ́n wá tò léra bí ìpẹ́ ẹja. À ń sọ̀rọ̀ lọ, à ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé ni mo tó mọ̀ pé òjò ń rọ̀, òjò ńlá. Kò sí ariwo. Kò sí pé à ń pariwo mọ́ra wa. Láti ọjọ́ náà lọkàn mi ti ń fà sí i.

Mo sọ fún Aláyùn. (Ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ lagi ní ilé ìlagi kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ wo ni kí n tún máa pe ọkọ mi nínú ìwé tèmi?) Mo ṣàlàyé títí. Ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Páànù."

Ọ̀rọ̀ kan. Ó bá tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó tún sọ ọ́ nígbà tí mo ń bu oúnjẹ. Páànù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Kápẹ́ńtà wá wo ilé. Ọ̀gá Ìṣó ni mo sọ ọ́, torí ìṣó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àárín ètè ló ń kó wọn sí, àárín eyín ló sì ti ń fa ọ̀rọ̀ jáde. Ó gun àkàbà, ó gbá ibí, ó gbá ọ̀hún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mi orí bíi dókítà tí kò fẹ́ sọ òótọ́.

Ó là á yé wa. Páànù fúyẹ́, kíá ni wọ́n máa kàn án tán, omi kì í dúró lójú rẹ̀, omi tó bá sì ṣàn látorí rẹ̀ ṣeé fi fọṣọ. Bí èèyàn bá ra èyí tó dáa, ó lè pẹ́ ju onílé lọ. (Ó wo Aláyùn, ó ní kí wọ́n má bínú.) Àmọ́ oòrùn á mú un gbóná, òjò á sì lù ú. Ìpẹ́ ọ̀dà ní tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dùn-ún wò. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣí ẹyọ kan, ẹyọ yẹn náà la máa pààrọ̀. Àmọ́ ó wúwo, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pákó tẹ́ gbogbo orí ilé kí á tó tò ó, tó bá sì ti ń pẹ́, yanrìn ojú rẹ̀ á máa ré dànù. Ní ti pákó, ìyẹn ò ba ni lẹ́rù. Pákó tí Aláyùn kó jọ sẹ́yìn ilé tó bo ilé méjì.

Èmi ni mo ń bi gbogbo ìbéèrè. Aláyùn kàn dúró, ó ń mi orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Ọ̀gá Ìṣó bi í bóyá igi òrùlé ṣì le. Ó mi orí. Ó bi í bóyá ó ti jẹrà. Ó tún mi orí.

Nígbà tí ìyẹn lọ tán, Aláyùn ní òun kò fẹ́ràn èèyàn tó ń kó ìṣó sẹ́nu sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Aláṣẹ pè nírọ̀lẹ́. Ọmọ wa kan ṣoṣo — láti kékeré ló ti ń pàṣẹ fún wa, orúkọ náà sì mọ́ ọn. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ló máa wá bá wa, kó lè bímọ síhìn-ín, kó sì sinmi. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí òrùlé yẹn dákẹ́ o. Ọmọ tó máa sùn ń bọ̀." Ó béèrè ìdí tí Bàámi kì í fi í gbé fóònù mọ́. Mo ní ó sọ pé àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Kí n kọ ọ́ síbí, torí n kò lè sọ ọ́ fún èèyàn.

Ó dà bíi pé mo ti sú u.

Mo pè é láti ìdí ààrò láàárọ̀ yìí. Kò jẹ́. Mo tún pè é. Kò jẹ́. Mo jáde, mo bá a lórí àga, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo ògiri. Lánàá, mo ń sọ ìtàn obìnrin tó ní mo rán síkẹ́ẹ̀tì òun há jù, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló sanra. Tẹ́lẹ̀, ìtàn báyìí á pa Aláyùn lẹ́rìn-ín. Ó dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó lọ pa iná.

Èyí tó wá burú jù: ó ń wo ẹnu mi. Tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló ń wò, kì í wo ojú. Mo mọ ohun tó ń wò. Eyín iwájú mi tó yọ lọ́dún tó kọjá ni. Ẹni tó máa ń ní ẹ̀rín mi ló mú òun gbé mi níyàwó! Láti ọ̀sẹ̀ yìí, bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu. Ojú ń tì mí. Arúgbó bíi tèmi.

Ó wá dà bíi pé bí mo ṣe ń bo ẹnu ni kò tún fẹ́ gbọ́ tèmi rárá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án yìí. Inú mi dùn, n kò ní purọ́, orí sì ń fọ́ mi.

Kí n ṣàlàyé fún ara mi. Ní ilé ìlagi, ariwo ayùn kò jẹ́ kí ẹnu wúlò fún nǹkan kan. Ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Aláṣẹ ṣì kéré, tí òjò bá ń lu páànù tí a ò lè gbọ́ra wa, Aláyùn á máa fi ọwọ́ ilé ìlagi bá wa sọ̀rọ̀, àwa náà sì mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀: ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́. Ìka méjì tó ń gbá ara wọn: omi. Ìkúùkù lórí ìkúùkù: ó wúwo. Ọwọ́ tí a fà kọjá níwájú ọrùn: pa ẹ̀rọ. Ní ilé ìlagi, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe èyí tó kẹ́yìn yìí, gbogbo ayùn gbọ́dọ̀ dúró, torí ẹ̀mí lè wà nínú rẹ̀. Nílé tiwa, ó nítumọ̀ tirẹ̀: fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, wá jókòó tì mí.

Òjò dé, páànù bẹ̀rẹ̀. Ariwo bíi ti ọjà tó ń tú. Aláyùn wọlé láti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ tutù, ó wò mí níbi tí mo ti ń to abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Ó fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn. Mo fi abọ́ sílẹ̀.

A jókòó. Ó ń fi ọwọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ó ṣe bí Ọ̀gá Ìṣó ṣe ń gbé ìṣó mì. Ó tọ́ka sí abọ́, ó gbá ìka méjì, ó wá gbá ikùn ara rẹ̀: omi ọbẹ̀ rèé. Mo rẹ́rìn-ín tẹ́nutẹ́nu, mo gbàgbé eyín. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi àtijọ́ ló jókòó tì mí yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Òjò dá. Ilé dákẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n se nǹkan tí a máa jẹ." Ó tún ń wo ògiri.

Ọjọ́rú, 12

Ta ló mú un wá lánàá, ta ló sì tún mú un lọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

A jà.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀, inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti bo ẹnu. Mo ní ariwo páànù ń fọ́ mi lórí, ọdún yìí ni mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ní ta ló sọ̀rọ̀ orí bíbẹ́, ṣebí òrùlé là ń sọ. Ó ní òun lòun la gbogbo igi tó gbé ilé yìí dúró, òun ló sì mọ ohun tó yẹ kó wà lórí wọn. Mo ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ṣé kí ọmọ ọwọ́ máa ta gìrì lójú oorun nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀ ni? Mo ní ṣé bí kò ṣe gbọ́ tèmi mọ́ náà ni kò ní gbọ́ tọmọ?

Ojú rẹ̀ yí padà. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn mọ́ ní ìhòòhò.

Ó jáde. Mo sunkún díẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà, mo sì lọ̀ ọ́ kó gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá Ìṣó wá ṣí páànù díẹ̀ lókè láti wo bí igi abẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Aláyùn wà nísàlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilé, ó ń bó ọsàn. Bí páànù kan ṣe yọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ìṣó nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ látòkè, ó ń han lórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ — ariwo tí òkú lè gbọ́. Ọ̀gá Ìṣó pariwo, "Bàbá, ẹ sá!" Èmi náà pariwo. Ajá kejì ilé gbó. Páànù bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbàà! Kò jìnnà sí i ju kí ó na ọwọ́ kàn án lọ.

Aláyùn ń bó ọsàn rẹ̀ lọ.

Kò ta pútú. Kò yíjú. Ó bó o tán, ó yí padà láti fún mi ní ìlàjì, ìgbà yẹn ló tó rí páànù nílẹ̀. Ó wo páànù, ó wo Ọ̀gá Ìṣó lókè, ó wò mí. Mo rí i tó ń wá ojú tó máa ṣe. Ó ní, "Ẹ rọra o," bí ẹni pé ó ti gbọ́ ọ látìgbà yìí.

Mo gba ọsàn. Mo jẹ ẹ́. N kò mọ bó ṣe dùn sí.

Aláyùn kò gbọ́ràn mọ́. Gbogbo ọdún tí ayùn fi ń ké sí i létí. Fóònù. Ìdí ààrò. Ẹnu mi tó ń wò. Kì í ṣe eyín ló ń wò, ọ̀rọ̀ ló ń wá níbẹ̀. Èmi wá ń fi ọwọ́ bò ó.

Ọlọ́run, foríjì mí. Mo sì tún sọ ti ọmọ sí i lójú.

Ọjọ́rú, 19

Mo ṣe ohun kan tí n kò ní sọ fún Ìyá Oníbọ́tìnnì.

Ó jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń fá pákó. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò yíjú. Mo gbé ohùn sókè. Bákan náà. Mo ní, "Olórí kunkun." Ó ń fá pákó lọ. Mo wá sọ ohun kan tí n kò sọ fún un láti bí ọdún mélòó kan, irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọge ń sọ, mo sọ ọ́ tán, mo tún un sọ. Èérún igi ń bọ́ sílẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Mo wọlé. Mo fi omi bọ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ìṣó. Mo ní páànù ni a máa fi bo ilé o. Ó ní ṣebí ìpẹ́ ni Ìyá ń fẹ́. Mo ní mo ti yí ọkàn padà, àmọ́ kó má sọ fún Bàbá pé èmi ni mo wá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òjò orí páànù ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo ń rí ọkọ mi. Bí n bá mú ariwo yẹn kúrò, kí ló kù? Kí orí máa fọ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Aláṣẹ pè. Ó ní bí òun bá bímọ tán tí ara òun le díẹ̀, òun á máa gbé ọmọ ti Bàámi láàárín ọ̀sán, kí òun lè sùn, kí èmi sì ráyè ránṣọ. Mo ní, "Hùn-ún." Ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí.

Mo wo ẹ̀yìn ilé. Ibùsùn ọmọ ni Aláyùn ń kàn níbẹ̀ látọjọ́ yìí, mo rò pé àga ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Àmọ́ n ó gbìyànjú.

Ọ̀gá Ìṣó wọlé bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Ó yọ gbogbo ìṣó ẹnu rẹ̀ — ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀, ó sì dáa — ó fi ègé páànù kan àti ègé ìpẹ́ ọ̀dà kan sórí tábìlì.

Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ìyá wá lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ní páànù, kí n má sọ fún Bàbá. Bàbá wá lánàá, wọ́n ní ìpẹ́ ọ̀dà, kí n má sọ fún Ìyá. Orí ilé kan ṣoṣo ni mo rí níta yẹn. Tí ẹ bá ti jọ sọ̀rọ̀ tán, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ó jáde lọ. Ó wá ku àwa méjì àti tábìlì.

Mo bojú wo Aláyùn. Mo béèrè ìdí tó fi lọ sọ pé ìpẹ́. Ó ní, "Orí ń fọ́ ọ." Ó ń yí ègé páànù náà síwá sẹ́yìn. Ó ní òun náà ti ro ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọmọ, mo jàre. Ó wá bi mí, èmi ńkọ́, kí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà?

Ọwọ́ mi ti ń lọ sẹ́nu. Mo dá a padà. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Òjò kò rọ̀, oòrùn wà lórí tábìlì, ilé pa rọ́rọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fọwọ́ kan etí mi, mo nàka sí i, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ara mi: mo ti mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn.

Ó wò mí títí. Ó wá jókòó tì mí.

Ó ní, "Páànù yẹn ló ń bò mí láṣìírí. Tí òjò bá ń rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ràn nínú ilé yìí, gbogbo wa dọ́gba. Tí ẹ bá mú ariwo kúrò, ẹ máa rí i pé èmi ni." Ó gbé ègé páànù náà sílẹ̀. "Aláṣẹ ò ní gbé ọmọ tì mí."

Mo sunkún. Òun náà sunkún, ó ní èérún igi ló kó sí òun lójú. Mo jẹ́ kó rí ẹnu mi dáadáa, mo ní mo rò pé mo ti sú u ni. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tí ò ń fọwọ́ bo ẹnu sí mi látọjọ́ yìí? Mo ní o ò fẹ́ kí n mọ ohun tí ò ń sọ mọ́ ni." Mo ní eyín ni mò ń bò! Ó ní eyín wo?

Kò tilẹ̀ rí i. Ọkùnrin tó ń wo ẹnu mi látàárọ̀ dalẹ́ kò rí i pé eyín mi ti yọ. A rẹ́rìn-ín títí, ó di dandan kí n di tábìlì mú.

Ìgbà tí a wá fẹ́ mú ọ̀kan, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ní páànù, òun ní ìpẹ́. Èmi ní rárá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ páànù, torí tirẹ̀. Òun ní orí tó ń fọ́ mi ńkọ́? Ẹ wo àgbà méjì. Nígbà tó yá, mo bi í pé ta ló tilẹ̀ fi òfin lé e pé ìgbà òjò nìkan la gbọ́dọ̀ fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ronú sí i. Ó ní òun kò mọ̀.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa ti ń wá a lórí òrùlé.

Ìpẹ́ ọ̀dà ni.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti tú páànù àtijọ́. Aláyùn fúnra rẹ̀ ló yan pákó tí wọ́n fi tẹ́ orí ilé. Ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí, ó ń ní kí wọ́n fi òòlù kan ìdí rẹ̀ — èyí yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí yìí, ẹ jù ú sọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ti kú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn nílé ìlagi, wọ́n á gbọ́wọ́ lé gẹdú, wọ́n á sì mọ bí ayùn ṣe ń jẹ ẹ́ nínú.

Ọ̀gá Ìṣó ń yọ ìṣó lẹ́nu kó tó bá a sọ̀rọ̀ báyìí. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ "ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́", ó ń fi ọwọ́ ṣe é látorí àkàbà.

Ilé náà dúdú, ó ń dán. Ó dà bí ẹja tó sùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo lọ dúró lójú títì wò ó, bí àlejò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ fún Aláṣẹ. Mo pe nọ́ńbà, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ọmọ mi, etí mi ò gbọ́ mọ́. Ìyá rẹ máa sọ èsì rẹ fún mi." Ó bá dá fóònù padà fún mi bí nǹkan tó gbóná.

Aláṣẹ sunkún. Kò pẹ́, ó dákẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi ṣe 'pa ẹ̀rọ' sí wọn." Mo ṣe é. Aláyùn dojú kọ ògiri fúngbà díẹ̀.

Aláṣẹ kò tún sọ ti gbígbé ọmọ ti bàbá rẹ̀. N kò sì bi í.

Ọjọ́ Ajé, 21

Dókítà etí fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan. Aláyùn ní ṣíbí ń dún bí ayùn nínú rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń gbé báyìí. A máa rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

Ọmọ Aláṣẹ ti dé! Obìnrin. Ó ní irun, ó ní ohùn. Ìyá rẹ̀ náà ní àlàáfíà. N kò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Ọmọ ń sùn, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyí.

Ṣùgbọ́n Aláṣẹ kì í gbé ọmọ ti bàbá rẹ̀. Ó ń jẹ́ kó gbé e tí àwa bá wà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ sùn, ó gbé ọmọ wọlé. Tó bá fẹ́ wẹ̀, èmi ló ń gbé e tì, kódà nígbà tí máṣíìnì wà lẹ́sẹ̀ mi. Kò sọ nǹkan kan tó burú. Ìyá ọmọ ni, ẹ̀rù ń bà á, n kò lè bá a wí. Aláyùn kò ráhùn. Ó gbé ibùsùn tó kàn wá síyàrá iwájú, ó fi pépà oníyanrìn fá gbogbo etí rẹ̀ kó má gún ọmọ lọ́wọ́. Ó ń jókòó tì í lójoojúmọ́, ọmọ wà níbẹ̀ o, ọmọ kò sí níbẹ̀ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Òjò láti àárọ̀. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i.

Aláṣẹ gbé ọmọ sínú ibùsùn, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi wò ó, mo fẹ́ wẹ̀." Mo ní kó máa lọ. Mo ṣì ní kọ́là ẹ̀wù kan tí mo fẹ́ parí, mo sì tẹ máṣíìnì. Aláyùn wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ojú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí igi ibùsùn náà. Mo rò pé ó ti sùn lọ.

Mò ń ránṣọ lọ. Máṣíìnì ń ké, ọkàn mi wà lára kọ́là.

Nǹkan kan mì níwájú mi. Mo gbójú sókè. Aláyùn ti dìde, ó kọjú sí mi, ó fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn. Ó tún un fà. Pa ẹ̀rọ.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Máṣíìnì dúró.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Ọmọ ń ké. Ó ti ń ké kí n tó gbọ́, èmi elétí méjì tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Kí n tó dìde, bàbá rẹ̀ àgbà, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ọ lára igi, ti tẹ̀ bá a, ó ti gbé e mọ́ àyà, ó ń rọra mì í sókè sódò, ọwọ́ ńlá yẹn bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ dákẹ́.

Aláṣẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aṣọ ìnura ló ró mọ́ra, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó wo máṣíìnì, ó wo àga, ó wo igi ibùsùn. Ó wo ọmọ rẹ̀ lápá bàbá rẹ̀ pẹ́.

Kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ parí ìwẹ̀ rẹ̀.